Kóró jásímínì láti ara ìtàkùn ìyá mi: báwo ni kí n ṣe gbìn ín kó lè hù?

Àdùkẹ́ (ọjọ́ 1)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí èmi náà máa dá sí i.

Ìyá mi ní ìtàkùn jásímínì kan nínú ìkòkò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó wọ ilé wa nírọ̀lẹ́ tí kì í béèrè pé kí ló ń ta sánsán báyìí. Nígbà tí wọ́n kú, a ti ilé náà pa fún oṣù mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó bomi rin ín. Kí n tó padà débẹ̀, gbogbo ewé ti wọ́, ìtàkùn ti gbẹ gan-an. Èso dúdú mélòó kan ni mo bá lórí rẹ̀, wọ́n so mọ́ra ní méjì-méjì bí ìbejì. Mo já wọn. Kóró 14 ni mo rí nínú wọn.

Mo ti gbin 4. Ife oníke ni mo lò, mo bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sí i, mo sì ń bomi sí i láràárọ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò rí nǹkan kan, mo tú erùpẹ̀ náà wò. Gbogbo wọn ti jẹrà, ó tiẹ̀ ń rùn. Mo sunkún. Ó ku 10 báyìí, n kò sì fẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò mọ́. Ẹnì kan ní kí n rẹ wọ́n sómi, ẹlòmíràn ní kí n kó wọn sí fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Ìtàkùn (ọjọ́ 1)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí a tó máa sọ̀rọ̀ omi àti fíríìjì, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ òdòdó làwọn èèyàn ń pè ní jásímínì tí kì í ṣe jásímínì rárá. Ojúlówó jásímínì ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Jasminum. Oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 200, ìbátan igi ólífì sì ni. Èso rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń dúdú tó bá ti pọ́n, ó sì sábà máa ń so ní ìbejì. Ohun tó o ṣàpèjúwe bá ìyẹn mu, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní jásímínì oníràwọ̀, Trachelospermum, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Èèpo gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń so, kóró inú rẹ̀ ní irun bí òwú, tí o bá sì já ewé rẹ̀, oje funfun bíi wàrà ló máa yọ. Cestrum nocturnum, èyí tó ń tú òórùn dídùn sílẹ̀ lóru, èso funfun ló ní, olóró sì ni. Gelsemium tó ní òdòdó bí àwọ̀ ìyeyè burú jù: kò síbi kan lára rẹ̀ tí kò ní májèlé, títí kan òdòdó àti gbòǹgbò. Mo ń sọ èyí nítorí ilé tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn bá wà. Jasminum gidi kò ní wàhálà yẹn fún ajá àti ológbò.

Sọ fún mi: àwọ̀ wo ni òdòdó ìyá rẹ? Ṣé ewé rẹ̀ dá wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àbí ó pín wẹ́wẹ́? Ìgbà wo ló máa ń tanná?

Àdùkẹ́ (ọjọ́ 1)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Funfun ni òdòdó rẹ̀, àmọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rudi, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀. Mo ṣì rí ewé gbígbẹ kan nídìí ìkòkò: ó pín sí wẹ́wẹ́, mo ka 7, èyí tó wà ní orí pátápátá gùn ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà ooru ló máa ń tanná, kì í sì í tan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, fún oṣù bíi mélòó kan.

Bàbá Ìtàkùn (ọjọ́ 2)

Ó ti yé mi. Jasminum officinale ni. Èyí tó jọ ọ́ jù ni Jasminum polyanthum, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń rudi tó pọ́n gan-an, ó máa ń tan yàà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí kò bá sì rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ojú ọjọ́ tutù, kì í fẹ́ rudi. Ti ìyá rẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí àwọn òkè, láti Kọ́kásọ́ọ̀sì gba Ìráànì títí dé ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, ni officinale ti wá. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fún un ní orúkọ yẹn lọ́dún 1753. Òdòdó orílẹ̀-èdè Pakistan ni. Ó lè fara da òtútù díẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ sì lágbára ju bí ojú ṣe rí i lọ. Fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí ẹ̀.

Mojí (ọjọ́ 2)

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Oríṣi jásímínì tí wọ́n ń pè ní sambac ni tèmi, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ní in, kò so èso kankan rí. Mo wá ra kóró kan tí wọ́n kọ “jásímínì sambac” sára ọ̀rá rẹ̀. Ó hù lóòótọ́, mo tọ́jú rẹ̀ fún odindi ọdún kan, ó wá di koríko olódòdó búlúù. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣé sambac máa ń so ni?

Ìyá Eléwé (ọjọ́ 2)

Mojí, pẹ̀lẹ́. Sambac kì í sábà so, pàápàá èyí tí òdòdó rẹ̀ ní ìpele púpọ̀ bíi róòsì. Nínú irú òdòdó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà akọ tó yẹ kó mú àtíkè inú òdòdó wá ló ti yí padà di ewé òdòdó, kò wá sí ohun tí yóò mú èso jáde. Ẹ̀ka ni gbogbo ayé fi ń pọ̀ ọ́n sí i. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di òdòdó orílẹ̀-èdè lọ́dún 1934, ẹ̀ka náà ni wọ́n ń gé gbìn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta kóró sambac fún yín, ẹ béèrè pé kó fi èso hàn yín. Bí ewé sambac ṣe máa ń dá wà ní ẹyọ, tí kì í pín wẹ́wẹ́, náà á jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ ohun tó hù.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ kàn ẹ́ báyìí. Kóró 4 yẹn, omi ló pa wọ́n. Ife tí kò nihò nídìí, omi kò ríbi jáde, erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sì ti kì pọ̀ bí amọ̀. Kóró inú ilẹ̀ ń mí bí èmi àtìwọ ṣe ń mí. Tí omi bá gba gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, èémí tán nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Màá kọ́kọ́ fọ gbogbo ara èso tó rọ̀ kúrò lára kóró, torí ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Màá rẹ kóró sínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí 24, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni à ń jẹ́ kí èèpo rẹ̀ rọ̀ kí omi lè ráyè wọlé; tó bá pẹ́ jù nínú omi, a tún ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀dú tí mo bá fẹ́ lò, màá pò ó mọ́ yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi, ìdajì sí ìdajì. Kì í ṣe yanrìn etí òkun o, iyọ̀ wà nínú ìyẹn. Ìkòkò kékeré kọ̀ọ̀kan, tó nihò nídìí, kóró kan péré nínú ìkọ̀ọ̀kan, kí gbòǹgbò wọn má bàa lọ́ mọ́ra. Kò gbọ́dọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.

Omi ńkọ́? Má dà á láti òkè. Gbé ìkòkò náà sínú abọ́ tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, jẹ́ kó máa fà á láti ìsàlẹ̀ títí ojú erùpẹ̀ á fi tutù, kó o wá gbé e kúrò. Da ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó kó má bàa tètè gbẹ, àmọ́ máa ṣí i lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ibi tó mọ́lẹ̀, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi 20°C sí 25°C. Má gbé e síbi tí oòrùn á ti máa rà á lórí tààràtà nígbà tí ọ̀rá ṣì wà lórí rẹ̀, yóò jóná mọ́bẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gbàgbé rẹ̀. Ó lè yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Má tú erùpẹ̀ wò mọ́!

Kúnlé Fèrèsé (ọjọ́ 3)

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó bí àrífín. Èkíní, èyí tó bá léfòó nígbà tí Àǹtí Àdùkẹ́ bá rẹ kóró sómi, kí wọ́n dà á nù, òfìfo ni. Èkejì, Bàbá Ìtàkùn ti sọ pé orí òkè ni officinale ti wá. Ṣé kò wá yẹ kí kóró rẹ̀ kọ́kọ́ rí òtútù kó tó mọ̀ pé àkókò híhù ti tó? Fíríìjì yẹn ní ìtumọ̀ lójú tèmi.

Ìyá Eléwé (ọjọ́ 3)

Kúnlé, kò sí àrífín níbẹ̀, ìbéèrè gidi ni. Ti léfòó yẹn, ẹni tó ní kóró 200 lè dà wọ́n nù. Ẹni tó ní 10, tí ó sì jẹ́ ti ìyá rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ da ẹyọ kan nù. Kóró gbígbẹ máa ń léfòó kí omi tó wọ̀ ọ́. Kí Àdùkẹ́ gbin gbogbo rẹ̀.

Ti fíríìjì, èmi kì í lò ó fún jásímínì, tèmi sì ń hù. Kóró tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lára èso ló ń hù jù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kó pẹ́ nílẹ̀ kó gbẹ, ju kó má rí òtútù lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé irọ́ lo pa. Àdùkẹ́, pín wọn sí méjì: gbin 6 báyìí níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, fi 4 sínú yanrìn tó tutù díẹ̀ nínú ọ̀rá, kó o gbé e sí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni o, kì í ṣe ibi tó ń sọ omi di yìnyín. Tó bá pé, gbin àwọn náà.

Àdùkẹ́ (ọjọ́ 4)

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ikọ̀ọ̀kan ìkòkò ni mo lẹ bébà mọ́ tí mo sì kọ ọjọ́ sí. Kóró 3 léfòó, mo gbin wọ́n náà. Ẹ bá mi tọrọ.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 4)

Kò tíì sí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ń ṣe mí bíi kí n tú erùpẹ̀, mo sì ń rántí ohun tí Màmá sọ. Nínú ìkòkò kan, ohun funfun bí òwú ti bo ojú erùpẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìyá Eléwé (ọ̀sẹ̀ 4)

Kò tíì bàjẹ́. Ọ̀rinrin ti pọ̀ jù ni, erùpẹ̀ ti fẹ́ bu. Fi ṣíbí bu òkè rẹ̀ kúrò pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sí i, kó o sì ká ọ̀rá kúrò lórí ìkòkò yẹn fún ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó nǹkan lójú jásímínì, jẹ́ kára rẹ balẹ̀.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 6)

Ó HÙ! Ẹ̀yin ará, ó hù! Mo jí láàárọ̀ òní, mo rí ohun kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, àwọ̀ rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ pupa díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti nà dúró, ó ti la ewé méjì. Ọ̀kan lára àwọn tó léfòó ni!

Kúnlé Fèrèsé (ọ̀sẹ̀ 6)

Àǹtí, ẹ kú oríire! Mo gba ti Màmá lórí ọ̀rọ̀ léfòó yẹn o. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni kẹ́ ẹ gbé e sí kíá, kó má bàa máa nà tẹ́ẹ́rẹ́ wá ìmọ́lẹ̀ kiri.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 8)

Ìròyìn méjì. Èyí tó dùn ni pé mẹ́rin ti hù nínú 6 àkọ́kọ́. Èyí tí kò dùn ni pé ọ̀kan ṣubú lálẹ́ àná. Ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kan erùpẹ̀ ti tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, ó sì dúdú. Mo gbìyànjú láti fi igi ehín gbé e dúró.

Bàbá Ìtàkùn (ọ̀sẹ̀ 8)

Ọmọ mi, fà á tu, kó o gbé e jù síbi tó jìnnà sáwọn yòókù. Àìsàn inú erùpẹ̀ tó rin jù ni, ẹsẹ̀ ọ̀mùnú ló máa ń jẹ. Kò sóògùn fún èyí tó ti ṣubú. Àwọn mẹ́ta tó kù ni kó o dáàbò bò: ká ọ̀rá kúrò lórí wọn pátápátá báyìí tí wọ́n ti hù, jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn, má sì fún wọn lómi àyàfi tójú erùpẹ̀ bá ti gbẹ. Bí o bá fẹ́ tún àwọn ìkòkò yẹn lò, fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n dáadáa.

Bí wọ́n bá ti yọ ewé gidi ìpele kejì, kó o ṣí wọn lọ sínú ìkòkò tó tóbi díẹ̀. Ewé ni kó o fi dì wọ́n mú, má di ẹsẹ̀ wọn mú, torí tí ewé kan bá já, òmíràn á yọ. Tó o bá fẹ́ gbé wọn síta, máa gbé wọn jáde díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ 7 sí 10: wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la. Oòrùn gangan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á bó ewé wọn.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 9)

Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn mẹ́ta ṣì dúró, ọ̀kan nínú àwọn ti fíríìjì náà ti yọrí. Ohun kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn tí mo fẹ́ béèrè. Nígbà tí wọ́n bá tanná, ṣé òórùn wọn máa rí bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́?

Bàbá Ìtàkùn (ọ̀sẹ̀ 9)

Màá sọ òótọ́ fún ẹ. Kóró dà bí ọmọ. Ọmọ á jọ ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá náà. Òórùn rẹ̀ lè jinlẹ̀ díẹ̀ tàbí kó fúyẹ́ díẹ̀, òdòdó rẹ̀ lè tóbi tàbí kó kéré. Ó kéré tán, á gbà tó ọdún 2 tàbí 3, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tanná tí o máa mọ̀. Ẹ̀ka tí a bá gé gbìn nìkan ló máa ń jẹ́ ohun kan náà gan-an.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o rántí pé ìtàkùn yẹn lágbára. Ṣé ìkòkò ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀? Lọ síbẹ̀. Fi èékánná ha èèpo ìtàkùn náà, bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó o máa bọ̀ nísàlẹ̀. Níbi tó bá gbẹ, tó pọ́n bí igi ìdáná, ó ti kú. Níbi tó o bá ti rí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ha á títí dé ìdí kó o tó sọ pé ó ti tán.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 10)

Bàbá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Òkè gbẹ. Àárín gbẹ. Ṣùgbọ́n nídìí, bí ìka mẹ́rin sókè erùpẹ̀, mo ha á, mo sì rí àwọ̀ ewé! Ó tutù! Kí ni kí n ṣe báyìí?

Bàbá Ìtàkùn (ọ̀sẹ̀ 10)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fi àlùmágàjí tó mú dáadáa gé gbogbo òkè tó ti kú kúrò, kó o dúró díẹ̀ sókè ibi tó ṣì tutù. Erùpẹ̀ tó gbẹ bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba omi, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni omi máa gbà sá lọ. Nítorí náà, gbé ìdí ìkòkò náà sínú omi fún bí ìdajì wákàtí, kó o jẹ́ kó ro dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, má tún fún un lómi àfi tí òkè bá gbẹ. Má fi ajílẹ̀ sí i rárá báyìí, kò tíì ní ewé tó máa fi lò ó. Bó bá yá náà, má fún un ní èyí tí náítírójínì pọ̀ nínú rẹ̀, ewé lásán ló máa fi ṣe, kò ní rudi.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 14)

Ọ̀mùnú mẹ́ta ti yọ nídìí rẹ̀. Èyí tó gùn jù ti tó ìbú ọwọ́ mi, ó ti ń wá ohun tó máa lọ́ mọ́. Mo ri ọ̀pá mẹ́ta sínú ìkòkò fún un.

Àwọn tó hù láti inú kóró náà ń bẹ, mẹ́rin ni wọ́n, mo ti ṣí wọn lọ sínú ìkòkò tó tóbi díẹ̀. Màmá Eléwé, nínú 6 tí a gbìn síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, 4 ló hù. Nínú 4 ti fíríìjì, 1 ló hù. Kúnlé, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́.

Kúnlé Fèrèsé (ọ̀sẹ̀ 14)

Mo gbọ́ o, Àǹtí. Lọ́jọ́ tí mo bá rí kóró officinale, mo ṣì máa dán tòtútù wò, torí 4 ti kéré jù láti fi dá ẹjọ́.

Mojí (ọ̀sẹ̀ 14)

Mo ti lọ gé ẹ̀ka sambac tèmi. Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Ìyá Eléwé (ọ̀sẹ̀ 14)

Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, èyí tí kò tíì le gbagidi, tí kò sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìsàlẹ̀ oríkèé ni kẹ́ ẹ ti gé e, torí oríkèé ni gbòǹgbò ti máa ń yọ. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ ri ìdajì rẹ̀ sínú ilẹ̀dú àti yanrìn kan náà tí Àdùkẹ́ lò, kẹ́ ẹ da ọ̀rá bò ó. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ fà á díẹ̀. Tó bá kọ̀ tí kò tẹ̀lé yín, ó ti ta gbòǹgbò. Àdùkẹ́, ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìtàkùn ìyá rẹ bá ti ní ewé tó pọ̀. Má tíì gé e báyìí, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni.

Àdùkẹ́ (ọ̀sẹ̀ 27)

Mo gé ẹ̀ka méjì lóṣù tó kọjá, mo sì fà wọ́n wò láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Èkejì kọ̀, kò yẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa gbé e lọ ilé ọkọ rẹ̀; mo ti kọ orúkọ ìyá wa sára ìkòkò náà.